Nígbà tí ọkàn àgbà bá kọ̀ láti gba iṣẹ́ rẹ̀ padà

Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn la egungun àyà ni iṣẹ́ abẹ ọkàn máa ń le jù. Ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó parí ni. Wọ́n ti rán fáàfù tuntun sípò, tàbí wọ́n ti fi iṣan tí wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀, ó wá ku kí ọkàn gba iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ti ń bá a ṣe é láti bíi wákàtí méjì sẹ́yìn. Perfusionist, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ náà, á máa dín ìṣàn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkàn á gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ò ní gbà: ìfúnpá á já wálẹ̀, yàrá òsì ọkàn á wú, wọ́n á ní kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n á jẹ́ kí ọkàn sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30, wọ́n á fi oògùn bíi adrenaline àti milrinone tì í lẹ́yìn, wọ́n á tún dán an wò. Bó bá tún kọ̀, ọ̀rọ̀ ECMO dé nìyẹn, ìyẹn ẹ̀rọ mìíràn tó lè máa bá ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀.

Kò wọ́pọ̀. Nínú 100 ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ó lè má ju ẹnì kan lọ tó máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún ti ń dàgbà sí i. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni 75 ọdún lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ìròyìn mọ́. ECMO sì rèé, àwọn tó kọ́kọ́ gbà là kì í ṣe àgbà rárá. Ọmọ ọdún 24 ni ẹni tí J. Donald Hill àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í tọ́jú ní California ní 1971. Ọmọ tuntun jòjòló ni èyí tí Robert Bartlett fi í gbà là ní 1975, tí àwọn nọ́ọ̀sì sọ ní Esperanza. Ara tó lè san gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí yá lọ́jọ́. Ìgbà tí wọ́n wá gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbà ni wọ́n rí i pé èlé orí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ yá-n-lọ́jọ́ yìí ni mo fẹ́ kí á dì mú. ECMO kì í wo ọkàn sàn. Kì í tún iṣan tó dí ṣe, kì í dí fáàfù tó ń jò. Ohun tó ń ṣe ò ju pé kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn káàkiri ara títí nǹkan mìíràn á fi ṣẹlẹ̀. Tí a ò bá lè dárúkọ nǹkan mìíràn yẹn kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ iṣan, a ò tíì mọ ohun tí à ń ṣe.

Ó lè jẹ́ pé ọkàn dákú lásán ni. Wọ́n ti fi omi tútù tí potassium wà nínú rẹ̀ dá a dúró fún wákàtí kan ààbọ̀ tàbí méjì, iṣan rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára láti fún pọ̀. Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ máa ń jí láàárín ọjọ́ méjì sí márùn-ún, òun gan-an ni ECMO wà fún. Ó lè jẹ́ pé ibì kan nínú iṣan ọkàn ti kú pátápátá, nítorí ìkọlù tó ti wáyé ṣáájú iṣẹ́ abẹ tàbí nítorí pé oògùn tútù ò dé ibẹ̀ dáadáa. Ọkàn àgbà tí ìfúnpá gíga ti ń bá fínra fún ọdún pípẹ́ máa ń ní ìṣòro yìí, nítorí ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ sì ń dé kẹ́yìn. Ìyẹn kì í jí. Ó sì lè jẹ́ ohun tó ṣeé tún ṣe: iṣan tuntun tó lọ́, afẹ́fẹ́ tó wọ iṣan ọ̀tún ọkàn, fáàfù tí kò jókòó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tó dì yí ọkàn ká tó ń fún un lọ́rùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń bí mi nínú jù, torí bí wọ́n bá sáré lọ sórí ECMO láìwò ó, ẹ̀rọ á máa bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, ọkàn á sì máa kú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ń gba ọ̀nà ọ̀fun fi wo ọkàn wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ tó ń wọn ìṣàn inú iṣan tuntun wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi wò ó kì í ṣe ìfàsẹ́yìn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí kò le. Rọ́bà ńlá kan, 21 sí 25 Fr (3 Fr jẹ́ milimítà kan, ìyẹn bíi milimítà 7 sí 8 ní fífẹ̀), ń fa ẹ̀jẹ̀ dúdú láti yàrá ọ̀tún ọkàn. Pọ́ǹpù tó ń fi òòyì ṣiṣẹ́ ń yí ní ìgbà 3,000 sí 4,000 ní ìṣẹ́jú kan láti tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró àtọwọ́dá, ìyẹn àpótí kan tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀pá tín-ín-rín oníhò. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀pá kọjá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn yí i ká, ọ́síjìn á wọlé, kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì á jáde. Omi gbígbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wà ní ìwọ̀n ooru ara. Rọ́bà kejì, 15 sí 19 Fr, ló ń dá a padà sínú iṣan àlọ. Fún ìyá àgbà tó wọn kílò 70, ìṣàn tó bá pé jẹ́ bíi lítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí wọ́n máa ki rọ́bà sí ni ọjọ́ orí ti kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Bí àyà bá ṣì wà ní ṣíṣí, ó rọrùn láti lo àwọn rọ́bà tó ti wà nínú áótà (iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn) àti yàrá ọ̀tún ọkàn tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ máa ń dà púpọ̀ sí i bẹ́ẹ̀, àyà á sì wà láìdì fún ọjọ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìtan, wọ́n lè pa àyà dé, ṣùgbọ́n iṣan ìtan ẹni 78 ọdún sábà máa ń le bí páìpù tí ẹfun ti dì sínú rẹ̀. Rọ́bà lè ya á, ó sì lè tú ìdọ̀tí ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ dí iṣan mìíràn. Àwọn kan á yàn láti rán ọ̀pá aṣọ milimítà 8 mọ́ iṣan abẹ́ egungun èjìká dípò rẹ̀. Ìyẹn ń dáàbò bo ẹsẹ̀, ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi tí áótà ti ń tẹ̀ gan-an, àmọ́ apá náà lè wú gbùngbùn torí ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ ìtan ni wọ́n gbà, rọ́bà yẹn ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Rọ́bà kékeré kan, 6 sí 8 Fr, gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ láti bọ́ ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi í sí i ní àkókò kan náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti tutù. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni nọ́ọ̀sì yẹ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Níbí ni mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn ìwé ìlànà kì í tẹnu mọ́. Wọ́n máa ń ní kí a wo bóyá ẹsẹ̀ funfun tàbí ó ní àbàwọ́n. Lára awọ wa, ìyẹn kì í hàn. Àtẹ́lẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ èékánná, ooru ọwọ́ tí a fi kàn án, bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun ṣe le tó bí a bá fún un, àti ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ni kí a gbára lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn. Ìwádìí kan tó jáde láti Yunifásítì Michigan ní 2020 fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ní ọ́síjìn wà ní 92 sí 96 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ 88 nínú nǹkan bí 12 nínú 100 àyẹ̀wò àwọn aláwọ̀ dúdú; ti àwọn aláwọ̀ funfun kò tó 4. Ẹni tó bá ń tọ́jú bàbá Yorùbá lórí ECMO ní London tàbí Houston, ẹ̀jẹ̀ ni kó fà kó fi mọ̀.

Apá ọ̀tún ni kí wọ́n sì ti fà á. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rọ ń gun òkè láti ìtan, ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, wọ́n á pàdé níbì kan nínú áótà. Bí ọkàn bá ti ń jí ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀fóró ṣì kún fún omi, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ni ọkàn ń tì lọ sí ọpọlọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ń jẹ ọ́síjìn tó dára jù lọ nínú ilé. Èyí tó bani nínú jẹ́ níbẹ̀ ni pé ìlera ọkàn ló fà á. Ọwọ́ òsì lè má sọ òtítọ́, ẹsẹ̀ kò ní sọ rárá.

Ìṣòro tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ẹbí yé jù lọ wà nínú yàrá òsì ọkàn fúnra rẹ̀. Ẹ rò ó bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan níta. Ọkàn tó rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ síta, ẹ̀rọ ń ti ẹ̀jẹ̀ wá sínú áótà láti òdìkejì. Bí ẹ̀rọ bá lágbára jù, fáàfù áótà kò ní ṣí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sínú ọkàn, ọkàn á máa wú, omi á máa ṣẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tó dúró yẹn á sì dì. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú yàrá òsì ọkàn jẹ́ ẹrù ikú: ọjọ́ tí ọkàn bá jí ni yóò tì í jáde, ọpọlọ ló sì máa ń lọ. Fáàfù àgbà tó ń jò díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á jẹ́ kó burú kíákíá. Nítorí náà ìlà ìfúnpá tó wà lójú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàtọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹ kó ju 10 lọ. Bó bá ti ń tẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ dín ìṣàn kù, wọ́n á dín oògùn tó ń fún iṣan pọ̀ kù, wọ́n á fi dobutamine díẹ̀, oògùn tó ń ti ọkàn lẹ́yìn, sí i. Bí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á wá ọ̀nà tú ọkàn sílẹ̀: bàlúùnù tó ń wú tó sì ń rọ̀ nínú áótà, pọ́ǹpù kékeré bíi Impella tí wọ́n ń gba inú fáàfù kọjá, tàbí rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tààrà nínú ọkàn. Èrò tèmi ni pé lára àgbà, ìṣàn tó kéré jù tó bá ṣì ń jẹ́ kí lactate (èròjà tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí ara ò bá rí ọ́síjìn tó) máa wálẹ̀ ló dára jù. Pé ẹ̀rọ lè gbé lítà mẹ́rin kò ní kí a lo lítà mẹ́rin.

Ẹ̀jẹ̀ dídà ló tẹ̀ lé e. Ara tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ẹ̀rọ ti jẹ nínú àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ni a tún fẹ́ so mọ́ rọ́bà tó ń béèrè heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ heparin lọ́gán. Wọ́n á dúró títí ohun tó ń jáde nínú rọ́bà àyà á fi wálẹ̀ sí bíi 50 sí 100 mililítà ní wákàtí kan, ó lè gba wákàtí 12 sí 24. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lo ìwọ̀n tó kéré. Bí wọ́n bá dúró pẹ́ jù, ẹ̀dọ̀fóró àtọwọ́dá á máa dí: ìyàtọ̀ ìfúnpá ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ á máa gòkè, ọ́síjìn tó ń jáde á máa dínkù. Bí rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n yìnyìn, àìtó ẹ̀jẹ̀ nínú ara tàbí ẹ̀jẹ̀ tó kó jọ yí ọkàn ká ni kí a kọ́kọ́ rò. Ẹni tó bá sáré fi kún eré pọ́ǹpù láti lé ìgbọ̀n náà lọ, ńṣe ló ń lọ̀ ẹ̀jẹ̀ bí ẹní lọ ata: sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, ìtọ̀ á dà bí zobo, kíndìnrín á sì san án.

Kíndìnrín àgbà kò ní owó ìfipamọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà tó wà lórí ECMO máa ń bára wọn lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà.

Nọ́ńbà kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹbí gbọ́. Ní Leipzig, ní Jámánì, wọ́n kó ìtàn 517 aláìsàn tí wọ́n fi sórí ECMO lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn láàárín 1996 sí 2008 jọ. Nínú 100, nǹkan bí 63 ni wọ́n rí yọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn tó jáde ní ilé ìwòsàn láàyè ò ju 25 lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí dókítà pe ẹbí pé "a ti yọ bàbá kúrò lórí ẹ̀rọ, a dúpẹ́" kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Àárín 63 sí 25 yẹn ni àkóràn ẹ̀jẹ̀ wà, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀, ìfun tí ẹ̀jẹ̀ ò dé tó sì ń kú wà níbẹ̀, ara tó ti yọ́ tán wà níbẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó wọn iṣan itan àwọn tó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe (ICU) rí i pé ó dín ní ìdá kan nínú mẹ́fà àti ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni 30 ọdún á jẹun, á tún kọ́ ọ. Ẹni 80 ọdún tí agbára tó fi ń dìde lórí àga kò ju ìyẹn lọ tẹ́lẹ̀, kò ní dìde mọ́. Nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé tí ELSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ECMO, ń pa mọ́, tí wọ́n gbé yẹ̀ wò láti 1992 sí 2015 fún gbogbo irú ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó ti pé 70 ọdún ló jáde láàyè. Àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ 43.

30 kì í ṣe òfo. Ẹni tó bá sọ pé kí a má fi ẹni 70 ọdún kankan sórí rẹ̀ ti lé ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá dànù. Nítorí náà ọjọ́ orí nìkan kọ́. Bí ó ṣe ń rìn kó tó wọlé ńkọ́? Ṣé ó ń lọ sọ́jà fúnra rẹ̀, ṣé ó ń gun àtẹ̀gùn? Ṣé kíndìnrín rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ pé? Ṣé iṣẹ́ abẹ náà ṣe déédéé, tó jẹ́ pé ọkàn kàn dákú ni? Ìyá 77 ọdún tó ń dá oko tó sì ní ọkàn tó dára kó tó wọlé sàn ju bàbá 66 ọdún tí àtọ̀gbẹ ti jẹ kíndìnrín rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọdún márùn-ún. Ohun kan tó mú ọ̀rọ̀ àgbà yàtọ̀ ni pé ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kéré. Ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò bá jí lè bọ́ sórí ìwé àwọn tó ń retí ọkàn ẹlòmíì. Ẹni 76 ọdún sábà kì í bọ́ síbẹ̀. Pọ́ǹpù tí wọ́n ń gbìn sínú ara títí ayé wà fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti orí ECMO pẹ̀lú kíndìnrín tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kò sábà kúnjú òṣùwọ̀n. Ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí ni.

Àwọn kan á ní ìwádìí ECLS-SHOCK ti 2023 ti parí ẹjọ́ yìí, torí pé ECMO kò dín ikú kù níbẹ̀ lọ́jọ́ 30: 47.8 nínú 100 pẹ̀lú rẹ̀, 49.0 láìsí i. Àwọn tó ní ìkọlù ọkàn ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe àwọn tó ń bọ̀ láti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ̀ pátápátá nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ibẹ̀, ó kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́ kèké lórí ìyẹn. Ohun tí ìwádìí náà kọ́ wa ni iye èlé: ẹ̀jẹ̀ dídà líle ju ìlọ́po méjì lọ, ìpalára iṣan ẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wá kù. Láàárín Yorùbá, àkọ́bí ló ń dáhùn, bóyá ó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Maryland, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun ló ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ bàbá. Òfin England kò mọ àkọ́bí. Lábẹ́ òfin Mental Capacity Act ti 2005, bí àgbà kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, dókítà ló ń pinnu ohun tó bá dára jù fún un, á sì bi ẹbí léèrè ohun tí àgbà náà ìbá fẹ́, àyàfi tó bá ti fi ìwé yan aṣojú nípa ìlera tàbí tó kọ ìwé sílẹ̀ pé òun kò fẹ́ irú ìtọ́jú kan. Èyí lè jẹ́ ìtura fún àkọ́bí tó bá yé. Àkókò tó dára jù fún ìbéèrè náà ni ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé ìfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ wá, nígbà tí bàbá ṣì lè fèsì fúnra rẹ̀: "Bàbá, tí ọkàn yín ò bá tètè jí, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi yín sórí ẹ̀rọ? Fún ọjọ́ mélòó? Tí ẹ ò bá ní lè dìde fúnra yín mọ́ ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ àgbà ní ìdáhùn. Àwọn ọmọ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́.

Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ECMO, kí wọ́n dá ọjọ́ ìpinnu láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lactate tí kò bá wálẹ̀ láàárín wákàtí 24 ń sọ̀rọ̀ ìfun tàbí ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn wákàtí 48 sí 72, wọ́n á dán ọkàn wò: wọ́n á dín ìṣàn kù ní ìdajì lítà títí yóò fi dé lítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀, heparin á pé kí wọ́n tó ṣe é, wọn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, torí ìṣàn kékeré ń di ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á wo ọkàn lójú ẹ̀rọ ayàwòrán. Bí yàrá òsì bá ń tì ju 20 sí 25 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, tí ìṣàn tó ń gba ẹnu áótà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní lílù kọ̀ọ̀kan, tí ìfúnpá àárín sì wà lókè 60 pẹ̀lú oògùn díẹ̀, wọ́n lè múra láti yọ ọ́. Kí wọ́n má gbàgbé yàrá ọ̀tún, òun ni kì í hàn títí ẹ̀jẹ̀ á fi padà wá bá a. Bí kò bá yege, wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta. Kó tó di ọjọ́ keje, ọ̀pọ̀ ọkàn tó máa jí ti jí.

Bó bá jẹ́ pé kò jí, wọn kì í kàn fa okùn iná yọ. Wọ́n á pa ariwo gbogbo ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́, wọ́n á fi oògùn ìrora àti oorun sí i tó bó ṣe yẹ, ẹbí á wọlé, ẹni tó fẹ́ gbàdúrà á gbàdúrà, ẹni tó fẹ́ ki oríkì á kì í. Lẹ́yìn náà ni perfusionist á fi irin dí rọ́bà tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, kó tó pa pọ́ǹpù. Irin ló ń ṣáájú, torí pé kò sí fáàfù nínú pọ́ǹpù olóòyì: bó bá dúró pẹ̀lú rọ́bà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ inú áótà á máa padà wá sínú ẹ̀rọ.